Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ wá sọ ti ọmọ tí ẹ ń kọ́ tí kò jẹun mọ́

Kóòṣì Ìkòròdú

Èmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ tèmi, torí ọwọ́ mi ò mọ́ níbẹ̀.

Eré sísá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì nítòsí Sábó. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 kan wà láàárín wọn, mítà 800 ni tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé padà lẹ́yìn Iléyá, mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún díẹ̀, ni mo bá pariwo lójú gbogbo ẹgbẹ́: "Ìwọ yìí, o ti sanra o! Ṣé ìwọ nìkan lo jẹ àgbò tán ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Nílẹ̀ wa, "o ti sanra" kì í ṣe èébú. Ìyá àgbà á fi kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ìyá àgbà. Èmi ni mo ń mú ẹni tó máa sáré fún ilé ẹ̀kọ́.

Láti ọjọ́ náà, ó di "mo ń gbààwẹ̀, sà". Mọ́ńdè àti Tọ́sìdè, ó yé mi, Mùsùlùmí ni wọ́n. Nígbà tó yá, Túsìdè náà wọ̀ ọ́, Wẹ́sìdè náà wọ̀ ọ́. Ta ni èmi tí mo máa bi ọmọ ọlọ́mọ léèrè ààwẹ̀ rẹ̀? Ó sì tún ń sáré dáadáa ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, mo wá ń yìn ín pé ara rẹ̀ ti fúyẹ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí dòní.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́yìn. Òtútù ń mú un lọ́sàn-án gangan, súwẹ́tà ló ń wọ̀ wá sí pápá. Ojúgun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tí wọ́n yà á wò ní ilé ìwòsàn, egungun ti sán díẹ̀. Wọ́n bi í léèrè nǹkan oṣù rẹ̀, ó ní oṣù márùn-ún ti kọjá. Ìyá rẹ̀ gan-an ò mọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣeun tí ẹ ò fi bò, sà. Ó lórúkọ. RED-S ni ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé pè é ní 2014: oúnjẹ tó ń wọlé ò ká iṣẹ́ tí ara ń ṣe, ara á wá máa fi àwọn iṣẹ́ kan sílẹ̀. Nǹkan oṣù á dúró, egungun á di ẹlẹgẹ́, inú ọmọ á máa bàjẹ́ láìnídìí. Ó ń ṣe àwọn ọkùnrin pẹ̀lú. Kò sì dìgbà tí ọmọ bá rù kan egungun. Bí ọmọbìnrin kò bá rí nǹkan oṣù fún oṣù mẹ́ta, ẹ má dúró de ojúgun, ẹ ní kí wọ́n mú un lọ rí dókítà.

Ìyá eléré, Ọjà Olúwo

Àwo ọmọ tèmi ń padà lófìfo, inú mi ń dùn. Àṣé ewúrẹ́ ilé kejì ló ń jẹ ẹ́ lójú fèrèsé. Ewúrẹ́ náà sì ń dán o! Mo sọ fún kóòṣì rẹ̀, ó ní kí n fi í sílẹ̀, pé ìfaradà ni.

Abẹ̀ṣẹ́ àtijọ́, Àgbádárìgì

Ẹ̀ṣẹ́ ni mo ń kàn. Tó bá ku ọ̀la tí wọ́n máa wọ̀n wá, mo máa ń di ọ̀rá mọ́ra lábẹ́ súwẹ́tà, kí n máa sáré létí ọ̀sà nínú oòrùn, kí n máa tutọ́ sínú ìgò, kí n lè fúyẹ́ tó ìpele ìwọ̀n tí mo fẹ́ jà. Bí wọ́n bá ti wọ̀n mí tán, ẹ̀wà aganyin àti odindi búrẹ́dì. Ikùn ò ní gbà á, màá bì í. Nígbà tó yá, ó di àṣà: lọ́jọ́ tí kò sí ìjà pàápàá, bí mo bá ti yó, ìka mi á lọ sí ọ̀fun.

Ní Amẹ́ríkà ní 1997, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́ta tó ń ja ìjàkadì kú láàárín nǹkan bí oṣù kan lórí irú fífi òógùn dín ìwọ̀n kù yìí. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fòfin de aṣọ rọ́bà àti yàrá ooru, tí wọ́n sì sún wíwọ̀n mọ́ àkókò ìjà. Èmi ti gbé ìwọ̀n kúrò níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí ara ọmọ bá tóbi sí i, ìpele tó kàn ló ń lọ.

Kóòṣì Ìkòròdú

Ẹ ṣé, bàbá. Mo pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, olùkọ́ obìnrin jókòó tì wá. Mi ò dárúkọ sísanra tàbí rírù. Mo ní, "Mo rí i pé òtútù ń mú ẹ, ó sì ń rẹ̀ ẹ́, ọkàn mi ò balẹ̀." Ó sẹ́. Mi ò bá a jà. Ọ̀sẹ̀ kejì ló wá sunkún. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú ẹgbẹ́ tí mo ti bú u. Dókítà ò tíì ní kó sáré, aago ló ń bá mi mú báyìí. Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yìí ni mo ṣì ń wá ìmọ̀ràn lé.

Ìyá eléré, Ọjà Olúwo

Ẹ má bi wọ́n ní ti ààwẹ̀, ti ìṣínu ni kí ẹ bi: "Kí lo fi ṣínu lánàá?" Ẹni tó gbà á lóòótọ́ á ka àkàmù, á ka mọ́ínmọ́ín, á tún fẹjọ́ àbúrò rẹ̀ tó jí ẹran inú rẹ̀ jẹ sùn yín.