Wọ́n wọ ilé aládùúgbò mi, ilẹ̀kùn ò fọ́: kọ́kọ́rọ́ wo ni kí n rà?

Ìyá Tómi, Òbá-Ilé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Wọ́n wọ ilé aládùúgbò wa lọ́sàn-án gangan nígbà tí gbogbo wa wà níbi iṣẹ́. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé gáàsì, kódà wọ́n bu ìrẹsì. Ilẹ̀kùn ò fọ́, férémù ò ya. Ọmọ mi wá fi fídíò kan hàn mí: ẹnìkan ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ilẹ̀kùn, ó gbá a pẹ́, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ṣé òótọ́ ni? Ilẹ̀kùn ṣáínà onírin ló wà níwájú ilé tèmi, pákó ló wà lẹ́yìn. Ayálégbé ni mí, onílé ò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìnáwó.

Agékọ́kọ́rọ́ Ọjà Ọba: Òótọ́ ni, màmá. Irin wẹ́wẹ́ ló tò sínú sílíńdà, ìyẹn irin tí ẹ ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ lára ilẹ̀kùn, bíi márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan gé sí méjì, sípíríǹgì sì ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Eyín kọ́kọ́rọ́ yín ló ń gbé wọn títí ojú gígé gbogbo wọn á fi dọ́gba, ìgbà yẹn ló tó máa yí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn láti 1861 tí Linus Yale kékeré, ọ̀gá kan tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Tí wọ́n bá gbá a, irin òkè á fò kúrò lórí ti ìsàlẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, olè á sì yí i. Àwọn tó ń fi wáyà tú u ní tiwọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá irin náà rí. Èyí tó pọ́ọ́kú ló rọrùn jù fún wọn, torí inú ẹ̀ ò fún.

Ẹ bèèrè sílíńdà tí irin inú ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ níbàdí, ìyẹn máa ń há mọ́ olè lọ́wọ́. Èyí tó bá ní àmì TS 007 ìràwọ̀ 3 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti dán an wò fún gbígbá, títú àti kíkán. Ẹ wo àmì náà lára irin o, ẹ má wò ó lára páálí. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ páálí. Fún ilẹ̀kùn pákó, ẹ wá oní-pẹlẹbẹ 5, ìyẹn èyí tí irin pẹlẹbẹ márùn-ún wà nínú ẹ̀, tí ẹnu kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì rí bí àsíá. Kò ní irin wẹ́wẹ́ tó ń fò, gbígbá ò ràn án.

Bàbá Wẹ́dà, Ìjọ̀kà: Ẹ má jẹ́ kí fídíò kó yín láyà jẹ, Ìyá Tómi. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè mí sí lẹ́yìn tí olè bá lọ, ọ̀pá irin ni wọ́n fi yọ ọ̀pọ̀ ẹ̀. Ẹ kan ilẹ̀kùn ṣáínà yín wò, ẹ óò gbọ́ bó ṣe ń dún: páànù fẹ́lẹ́ ló bò ó, páálí ló wà nínú. Ẹ wá wo irin ara férémù tí ahọ́n kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Sìkúrù tí wọ́n fi dè é ò ju ìka ọmọdé lọ. Kápẹ́ńtà á yọ ọ́, á fi èyí tó gùn tó máa wọ ògiri dè é. Owó kékeré ni, ó sì dá mi lójú ju kọ́kọ́rọ́ olówó ńlá lára férémù tó ń mì.

Màmá Ìjàpọ̀: Ẹ jẹ́ n bi yín. Ta ló gbé ilé yẹn kí aládùúgbò yín tó kó wọ̀ ọ́? Ilẹ̀kùn tí kò fọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀.

Ìyá Tómi: Yéè! Màmá, ọmọléèwé ni wọ́n, wọ́n tó mẹ́rin níbẹ̀. Kẹ́àtékà náà sì ní tiẹ̀.

Màmá Ìjàpọ̀: Ṣé ẹ rí i. Tiyín ńkọ́?

Ìyá Tómi: Ọwọ́ ájéǹtì ni mo ti gbà á, ọ̀kan ṣoṣo. Mi ò bèèrè ìyókù.

Dáyọ̀, Alágbàká: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú ra onítẹ̀ka, ká fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Agékọ́kọ́rọ́ Ọjà Ọba: Bọ̀dá Dáyọ̀, ẹ ṣí ìdérí kékeré ara ẹ̀ wò. Ojú kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, fún ọjọ́ tí bátìrì bá kú. Tí ìyẹn bá jẹ́ pọ́ọ́kú, ibẹ̀ náà ni olè á gbá.

Ìyá Tómi: Lálẹ́, mo máa ń fi àgádágodo ti bọ́gílárì láti inú, mo sì ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó ní kíṣìnnì. Ṣé ìyẹn dáa?

Bàbá Wẹ́dà, Ìjọ̀kà: Rárá o! Tí iná bá sọ ní kíṣìnnì ńkọ́? Irin ìdábùú tí a ń fi ọwọ́ fà ni kí ẹ jẹ́ n jó mọ́ ọn nínú, síbi tí ọwọ́ ò ti lè wọlé láti ìta fà á. Kò sí ojú kọ́kọ́rọ́ lára ẹ̀, kò sí ohun tí olè máa gbá. Nígbà tí ẹ bá wà nílé nìkan ló wúlò ṣá.

Ìyá Tómi: Ó yé mi. Sílíńdà tuntun ni mo máa kọ́kọ́ rà fún iwájú, kápẹ́ńtà á wá ṣe férémù. Ṣé gbogbo sílíńdà ló gùn dọ́gba?

Agékọ́kọ́rọ́ Ọjà Ọba: Kò dọ́gba, màmá. Ẹ tú ti àtijọ́ kí ẹ mú un dání wá. Sìkúrù kan ló dè é, ó wà létí ilẹ̀kùn lápá ibi tí ahọ́n ti ń jáde. Tuntun ò gbọdọ̀ yọ síta ju irin tó yí i ká lọ, torí orí tó bá yọ ni wọ́n ń fi púláyà mú kán. Kí ẹ tọ́jú ti onílé dáadáa. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde, ẹ dá a padà sójú ẹ̀, kí ẹ mú tiyín lọ.