Iná ìkìlọ̀ bíréèkì ń tàn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: ṣé mo lè máa lọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀. Adó-Èkìtì ni mo ti ń bọ̀, Ìbàdàn ni mo sì ń lọ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni iná pupa bíréèkì, èyí tó ní àmì ìyanu nínú òbìrìkítí, bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Bí mo bá sì dé ibi tó tẹ́jú, á kú fúnra rẹ̀. Iná ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì gan-an) kò tàn rárá.

Mo ti sọ hándíbíréèkì sílẹ̀ pátápátá, mo yẹ ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, n kò sì rí ibi tí òróró bíréèkì ti ń jò. Bíréèkì ṣì le lẹ́sẹ̀. Òróró inú ike rẹ̀ ló ku díẹ̀ kó kan ìlà MIN (ìlà tí kò yẹ kó lọ sílẹ̀ ju), ó sì ti dúdú bí omi àgbo. Mẹkáníìkì kan ní kí n kàn dà á kún (ọ̀rọ̀ náà yá jù lójú mi), nítorí mo mọ̀ pé bí páàdì (ohun tó ń fún díìsìkì ìdí táyà kí ọkọ̀ lè dúró) bá ṣe ń jẹ ni òróró náà ń lọ sílẹ̀.

Ṣé kí n da DOT 3, irú òróró bíréèkì tí wọ́n kọ sára ìdérí ike náà, sí i, kí n rọra wà á dé Iléṣà, àbí dandan ni kí n tú táyà wo páàdì níbí kí n tó gbéra?