Ọjọ́ mélòó gan-an ló wà nínú ọdún kan?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ọjọ́ orí ń fi 365.25 pín iye ọjọ́, àmọ́ lọ́jọ́ ìbí gan-an, ó ní ẹni náà ò tíì pé ọdún kan. Kí ló dé?

Èsì 1: Ẹ má pín in rárá. Láti 1/3/2001 sí 1/3/2002, ọjọ́ 365 ni. Ẹ fi 365.25 pín in, ó di 0.9993, kọ̀ǹpútà á sì gé e sí 0. Ẹ yọ ọdún ìbí kúrò nínú ọdún tí a wà. Bí oṣù àti ọjọ́ ìbí ò bá tíì dé, ẹ tún yọ 1.

Èsì 2: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọdún ò tilẹ̀ jẹ́ oríṣi kan. Èyí tó ń mú ìgbà òtútù àti ooru padà wá jẹ́ ọjọ́ 365, wákàtí 5, ìṣẹ́jú 48 àti ìṣẹ́jú àáyá 45. Tí a bá fi ìràwọ̀ wọ̀n ọ́n, ó fi bí ogún ìṣẹ́jú gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ayé ń mì bí òkòtó tó fẹ́ ṣubú. Ìmì kan ń gba nǹkan bí ọdún 26,000.

Èsì 3: 365.25 yẹn, ti Julius Caesar, olórí Róòmù àtijọ́, ni. Ó fi ìṣẹ́jú 11 lé lọ́dọọdún, ìyẹn ni wọ́n ṣe fo ọjọ́ mẹ́wàá ní 1582: October 4, ọjọ́ kejì di October 15. Látìgbà náà, kó má bàa tún lé, wọ́n ń yọ February 29 kúrò nínú àwọn ọdún kan: 1900 ò ní in, 2000 ní in. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ṣì ń lo 365.25 láti ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn jìnnà tó lọ́dún kan o.

Èsì 4: Tí ẹ bá ń ṣírò ti Híjírà, ọdún àwọn Mùsùlùmí, ọjọ́ 354 tàbí 355 ni.