Ẹ gbà mí o: fíìmù, ìwé tàbí gẹ́ẹ̀mù tó dá lórí òkùnkùn

ỌmọMọ́kọ́lá: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀la ni, mi ò sì tíì rí nǹkan kan mú. Ẹ dárúkọ fíìmù, ìwé tàbí gẹ́ẹ̀mù kan tí òkùnkùn ti ṣe gbòógì nínú ìtàn ẹ̀. Kì í ṣe ti àjẹ́ abẹ́ ìrókò o. Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá.

Bọ̀dáTíṣà: Ọ̀la kí ni? Ìdánwò ni àbí ìgbafẹ́? Tó bá jẹ́ ti lítíréṣọ̀ ní UI, ẹ ka Heart of Darkness tí Conrad kọ, tó kọ́kọ́ jáde ní 1899, kí ẹ wá fi àsọyé Achebe ti 1975 tì í lẹ́yìn. Achebe ní ńṣe ni Conrad sọ Áfíríkà di òkùnkùn kí Yúróòpù lè ráyè tàn.

Adùkẹ́Àpáta: Ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ ka ìyẹn mọ́jú? Gẹ́ẹ̀mù ni kó mú. Amnesia: The Dark Descent, 2010. Tó o bá pẹ́ nínú òkùnkùn, orí ẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Tó o bá tan fìtílà, epo á máa tán, abàmì á sì tètè rí ẹ. Kò síbi tó o fẹ́ yà sí. Ti Don't Starve tún le jù: tí ilẹ̀ bá ṣú tó ò dáná, òkùnkùn ọ̀hún gan-an ló máa pa ẹ́.

Fẹ́míBódìjà: Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ má gbé fíìmù tó ṣókùnkùn síwájú èrò! A wo ọ̀kan ní gbọ̀ngán kan nígboro níbí lọ́dún tó kọjá. Ọ̀sán gangan, kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, projector tí ò lágbára. Wọ́n pa ẹnì kan lójú wa, a ò mọ ẹni tó kú. Bàbá tó jókòó tì mí bi mí pé ṣé rédíò la sanwó fún ni.

ÌyáÌbejì: Ṣé ibi tí fáànù ti ń gbé kọ́tìnì sókè yẹn ni? Owó tèmi náà wọgbó níbẹ̀.

Fẹ́míBódìjà: Ibẹ̀ ni mà! Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà.

AyàwòránChallenge: Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru projector. Onífíìmù mìíràn ò mọ òru yà ni. Ẹ wo Mami Wata ti C.J. Obasi: dúdú àti funfun ni látòkèdélẹ̀, síbẹ̀ ara àwọn òṣèré ń dán lóru. Iṣẹ́ kámẹ́rà ẹ̀ gba ẹ̀bùn ní Sundance, àjọ̀dún fíìmù kan ní Amẹ́ríkà, ní 2023.

Fẹ́míBódìjà: Lójú oòrùn ọjọ́ yẹn, ìyẹn náà ò ní hàn.

AyàwòránChallenge: Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ lọ wòran lọ́sàn-án ni?

SángoGen: Mo ní jẹnẹrétọ̀ kékeré fún yíyá, kì í pariwo.

ÌyáÌbejì: Kì í pariwo kẹ̀? Àdúgbò yín ni mò ń gbé o.

ỌmọMọ́kọ́lá: Ẹ ṣeun gan-an. The Lion King ti 1994 ni màá mú. Ibi tí Mufasa, kìnnìún tó jọba, ti sọ fún Simba ọmọ ẹ̀ pé gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn, tiwọn ni, àmọ́ kó má dé ibi tó ṣú lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Àwọn ọmọ sọ́ńdè sùkúù ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án.

Adùkẹ́Àpáta: Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Èmi sì ń fi abàmì lọ̀ ẹ́.

Bọ̀dáTíṣà: Ó dáa náà. Àwọn ìkookò ló ń gbé inú òkùnkùn yẹn. Ẹ bi àwọn ọmọ pé ta ló lé wọn débẹ̀.

ỌmọMọ́kọ́lá: Bọ̀dá, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún mi.