Àṣẹ tí òmíì gbapò ẹ̀ kì í ṣe àṣẹ tí wọ́n fagilé

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún "ti fagilé" yẹn wò kó tó wọnú lísìtì àwọn àṣẹ kọ̀ǹpútà o. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé tí àṣẹ méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, ká kọ "ti fagilé" síwájú èyí tí kò ní ṣiṣẹ́ téèyàn bá tẹ orúkọ yẹn. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Nǹkan tá a bá ti fagilé, ó parí nìyẹn, àmọ́ àṣẹ tá à ń sọ yìí ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ẹ jẹ́ ká fi ls, àṣẹ tó ń to orúkọ àwọn fáìlì, ṣàpẹẹrẹ. Ẹ tẹ type -a ls sínú Bash, ìyẹn ètò téèyàn ń tẹ àṣẹ sí, kẹ́ ẹ wo gbogbo ohun tó ń jẹ́ ls. Lórí ọ̀pọ̀ Linux, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde ni pé ls jẹ́ alias (ìyẹn ìnagijẹ) fún ls --color=auto, ẹ̀yìn ìyẹn ló máa tó fi /usr/bin/ls, ìyẹn fáìlì àṣẹ náà gan-an, hàn yín. Alias yẹn ló ń jẹ́pè torí Bash máa ń wo alias kó tó wo function (àwọn àṣẹ téèyàn kó sábẹ́ orúkọ kan), kó tó wá kan àwọn àṣẹ tó wà nínú Bash fúnra ẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa wá àwọn fódà inú PATH (lísìtì ibi tí Bash ti ń wá àṣẹ) lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá sì kọ́kọ́ rí ló máa mú. Síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ command ls, tó ń ní kí Bash fo alias àti function, èyí tó wà lẹ́yìn ló máa dáhùn. Ṣé ohun tí wọ́n ti fagilé tún máa ń dáhùn ni?

Ẹnì kan ní ká lo "rọ́pò". Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dún bíi pé wọ́n ti gbé ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Mo fẹ́ràn "borí", àfi pé gbàrà tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ orúkọ, aṣọ tí wọ́n ń wé sórí ló dà yẹn.

Ohun tí yúsà fẹ́ mọ̀ gan-an ni pé tóun bá pe orúkọ yìí, èwo ló máa jẹ́ òun? Ká kúkú kọ "òun ló ń jẹ́pè" síwájú ọ̀kan, ká kọ "òmíì ti gbapò ẹ̀" síwájú èkejì, ká sì fi ibi tó wà sí i kéèyàn lè rí i pè. systemd-delta, àṣẹ Linux tó ń fi àwọn fáìlì ìṣètò tó ń gbapò ara wọn hàn, náà ò pa fífagilé àti gbígbapò pọ̀, MASKED ló ń kọ fún fáìlì tí wọ́n tì pa, OVERRIDDEN fún èyí tí òmíì gbapò ẹ̀. Tá a bá wá lo "fagilé" fún ìkejì yìí, kí la fẹ́ pe ìkíní?