Ẹni tó bá ti ra máṣìn àtijọ́ tàbí tó ti tà á rí, ẹ bọ́ síbí

Ẹ kú ilé o. Honda C70 lèmi rà ní Ìpẹ̀rù, ìran Super Cub tí Honda ti ń ṣe láti 1958 nì. Tíṣà ni bàbá tó ni ín, wọ́n ti sùn. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ní kí màmá tà á fáwọn tó ń ra ajákù irin, màmá yarí, wọ́n ní ẹsẹ̀ ọkọ àwọn nìyẹn. Ìgbà tá a ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀, ike funfun tó ń bo ẹsẹ̀ ò sán níbì kankan, ìdérí ṣéènì wà níbẹ̀ pé, èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa máa ń tú sọnù. Abẹ́ ìjókòó ni táńkì rẹ̀ wà, mo ṣí i, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ìpẹtà ò sí, torí bàbá ti fa epo inú ẹ̀ gbẹ kó tó di pé àìsàn dá wọn dúró. Nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì àti ti férémù bá tinú ìwé mu, rìsíìtì gan-an wà nínú náílọ́ọ̀nù. Mo dúnàádúrà díẹ̀ ṣá, ṣùgbọ́n ojú màmá ò jẹ́ kí n já a sílẹ̀ púpọ̀, wọ́n tún bu gàrí fún mi lórí ẹ̀. A fọ kábúrétọ̀, a pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ọ́ìlì àti bátìrì, ó sì dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Títà lèmi tà ní tèmi, Vespa bàbá mi, nílé wa n'Íjẹ̀bú-Igbó. Búlúù ara ẹ̀ ti ṣá, àǹtí mi ní ká lọ kùn ún kó lè wówó, mo ní rárá o, ọ̀dà tó bá a ti Ítálì wá lẹni tó mọ nǹkan àtijọ́ ń wá, tẹ́ ẹ bá ti kùn ún tán kò ní mọ ohun tẹ́ ẹ fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀. Alágbàtà kan kọ́kọ́ wá, ó kàn ń fi ṣíṣá yẹn bú ọjà wa, mo ní kó máa lọ. Ẹni tó rà á, Èkó ló ti wá, ó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wo abẹ́ ibi tí à ń gbẹ́sẹ̀ lé, ó wá yọ òòfà lápò, ó ń fi kan ara ẹ̀ káàkiri, torí ibi tí wọ́n bá ti fi fíílà, ìyẹn àtè tí wọ́n fi ń dí ojú ihò lára irin, dí, òòfà ò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo ẹ̀ ló lẹ̀ o, inú mi dùn gan-an! Ó ní ọ́ìlì síìlì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ẹ́ńjìnnì pa, á ti gan torí ó ti pẹ́ tó ti dúró, tí afẹ́fẹ́ bá ń gba ibẹ̀ wọlé ẹ́ńjìnnì á kàn máa ké, mo sì yọ owó ìyẹn fún un. Ìwé ẹ̀ ti sọnù, a lọ búra ní kóòtù, a kọ àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí.

Honda CG125 lèmi ń lépa ní Ṣàgámù, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1976, tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ bíi tiwa táwọn èèyàn kì í tètè pààrọ̀ ọ́ìlì. Ó dán gbinrin, àmọ́ wọ́n ti ha nọ́ńbà férémù, mo bá kó owó mi délé. Ẹ̀gbọ́n onímáṣìn tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá yín fọ kábúrétọ̀ yẹn n'Ípẹ̀rù?