Mò ń wá ilé oṣù mẹ́ta ní Abẹ́òkúta, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́_Nọ́ọ̀sì: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ibi iṣẹ́ ń gbé mi bọ̀ láti Èkó wá sí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, oṣù mẹ́ta péré. Gbogbo ẹ́jẹ́ǹtì tí mo pè, rẹ́ǹtì ọdún kan ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n tún ń fi kọmíṣọ̀n àti owó àgírímẹ́ǹtì lé e, kí ni mo fẹ́ fi oṣù mẹ́sàn-án tó kù ṣe? Shortlet, ilé tí wọ́n ń fi háyà fún ọjọ́ díẹ̀, tí mo rí lórí Instagram, ₦25,000 lóru kan. ₦300,000 ni gbogbo ohun tí mo ní fún oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Self-contain kékeré ti tó mi, kó ṣáà ní omi àti iná, kí àdúgbò sì ṣeé rìn lálẹ́ torí mo máa ń ṣiṣẹ́ alẹ́.

Ọmọ_Olúmọ: Ẹ káàbọ̀ o àǹtí. ₦25,000 lóru, ọgbọ̀n ọjọ́ ti di ₦750,000 nìyẹn, àwọn tó wá jẹ ìnáwó ní Sátidé tí wọ́n á lọ ní Mọ́ńdè ló wà fún. Ẹni tí rẹ́ǹtì ẹ̀ ò tíì tán tó sì ti fẹ́ kó lọ ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ gba oṣù tó kù lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn kọ́pà wà ńbẹ̀, àwọn ọmọ yunifásítì FUNAAB tó ń lọ IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà, náà wà ńbẹ̀, àmọ́ apá Camp làwọn yẹn pọ̀ sí, ó jìnnà sí Ìdí-Àbà fún ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Asẹ́rò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà Ọbańtókò. Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì tó wà ní FMC fúnra wọn, torí àwọn dókítà tuntun tó ń ṣe housejob, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ wọn, ọdún kan ni wọ́n ń lò, ìgbà gbogbo lẹnì kan ń kó jáde.

Ìyá_Ìbejì_Asẹ́rò: Òótọ́ ló sọ, àmọ́ èmi náà nílé tí mo fi háyà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọmọ mi, má kó wọlé onílé láìrí lándílọ́ọ̀dù lójúkojú. Ayálégbé tó ń lọ lè gbowó ẹ kó má sọ fún un, ọjọ́ tí bàbá bá bá ojú tí ò mọ̀ nínú yàrá, ìta lo máa bá ẹrù ẹ, ẹni tó gbowó á sì ti pa fóònù. Kẹ́ ẹ jọ kọ ọ́ sínú ìwé, ọjọ́ tó o wọlé, ọjọ́ tó o máa jáde, kẹ́yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ mítà prepaid, bèèrè bóyá gbèsè wà lórí ẹ̀, torí inú owó tó o fi ra iná ni wọ́n á ti máa yọ ọ́. Omi ńkọ́? Àpáta pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wa níbí, kànga mìíì máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣí i wò fúnra ẹ, kó o sì bi àwọn ará ilé níbi tí wọ́n ti ń pọnmi tó bá gbẹ.

Kọ́lá_Adìgbẹ: Kẹ́ ẹ tó rí ilé, ẹ gbìyànjú guest house àwọn ìjọ, iye oṣù kan ni kẹ́ ẹ bèèrè o, ẹ má bèèrè iye alẹ́ kan. Ẹ́jẹ́ǹtì tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fowó ránṣẹ́ kó tó mú yín lọ wo ilé, ẹ fi sílẹ̀.

Àdùkẹ́_Nọ́ọ̀sì: Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ti rí nọ́ọ̀sì kan bá sọ̀rọ̀, ó ní dókítà kan ń kó jáde ní Asẹ́rò, oṣù mẹ́rin ṣì kù lórí rẹ́ǹtì ẹ̀, Sátidé ni mò ń bọ̀ wá wò ó. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé lándílọ́ọ̀dù tún lè gbowó lọ́wọ́ mi?

Ìyá_Ìbejì_Asẹ́rò: Kò yẹ kó gba rẹ́ǹtì oṣù kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó lè ní kó o fi owó díẹ̀ sílẹ̀ nítorí nǹkan tó bá bàjẹ́, ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n gba rísíìtì, kó o sì kọ ọ́ sínú ìwé yẹn pé ó máa dá a padà lọ́jọ́ tó o bá ń lọ. Wá ní ọ̀sán kó o lè rí àdúgbò dáadáa, kó o tún padà lọ wò ó tílẹ̀ bá ṣú.